Ọjọ́ Tí Àsíá Gòkè Láìsí Mi

Alága ìjókòó òní, Alhaji Ìsìmáílà, ọ̀gá mi láti ìgbà tí irun orí yín ṣì dúdú, tí èmi náà ò tíì máa pa tèmi láró, mo kí yín. Bàálẹ̀ Ìdí-Àgbọn, Bàbá Sẹ̀gilọlá, ó yẹ kí n kúnlẹ̀, àmọ́ dókítà ní orúnkún mi ò gbọdọ̀ kanlẹ̀, ẹ jẹ́ kí ọkàn mi bá mi kúnlẹ̀ fún yín. Wòlíì Olúwadábírà ti Ìjọ Ìmọ́lẹ̀ Etí Òkun, àti gbogbo ẹ̀yin aláṣọ funfun tẹ́ ẹ fẹsẹ̀ lásán wọ gbọ̀ngàn yìí, mo kí yín. Lèmọ́mù Ìdí-Àgbọn, mo kí yín tàlàáfíà-tàlàáfíà. Màdáámù Anneke, ẹni tí gbogbo Ìdí-Àgbọn sọ di Àníkẹ́, tó wọ bàálù wá láti òkè òkun nítorí ìfẹ̀yìntì mi, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin aládùúgbò wa láti ẹsitéètì, ẹ̀yin ará Addo tẹ́ ẹ kàn rí i pé wọ́n to àga tẹ́ ẹ sì wọlé, ẹ káàbọ̀, oúnjẹ á kárí. Bàbá Olúwaṣemílóore, ọkọ mi, mo rí yín lọ́ọ̀ọ́kán, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sùn. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ ó rí i pé àga kan ṣófo níwájú níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màríàm. Màríàm yìí ni olórí àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ní Ìdí-Àgbọn. Àga tó ṣófo yẹn, àga Dúrósinmí ni, apẹja tó ń tọ́jú àsíá wa létí òkun. Ẹni tó bá ti ń fojú sí àga yẹn láti àárọ̀, kó mójú kúrò níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jókòó síbẹ̀ lónìí. Mo máa dé orí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gba ibi tí mo fẹ́ gbà.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn mọ̀ mí sí obìnrin tó máa ń pariwo sórí fóònù ládùúgbò, iṣẹ́ tí mo ṣe rèé. Òkun ń jẹ ilẹ̀ wa. Ẹ̀yin náà mọ̀. Láti Lẹ́kkí dé Eleko, títí kọjá ibi tí wọ́n ń kọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá sí ní Free Zone, ojú ọjọ́ ti yí padà, òjò kì í rọ̀ mọ́ bó ṣe máa ń rọ̀, òkun kì í sì í dúró síbi tí àwọn bàbá wa bá a. Àwọn orílẹ̀-èdè kan lókè òkun, tí omi ti fìyà jẹ àwọn náà rí, ní àwọn máa bá wa dá sí i. Ìjọba wa gbà. Wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwọn abúlé etí òkun lè mọ ohun tí wọ́n máa ṣe nígbà tí omi bá dé, wọ́n sì fi èmi ṣe alárinà. Bí òyìnbó bá sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń gbé e lọ sétí òkun. Bí etí òkun bá fèsì, èmi ni mò ń gbé e padà wá sí ọ́fíìsì. Ẹ bi àwọn tó ti ṣe alárinà ìgbéyàwó rí. Wọ́n á sọ fún yín pé méjèèjì ló máa ń bú alárinà.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wẹ̀yìn wò. Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀yìn wò díẹ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, Fúnláyọ̀ ọmọ ẹlẹ́ja. Màmá mi ta ẹja títí ayé wọn, mo sì kórìíra òórùn ẹja débi pé ìwé ni mo kà kí n má bàa tà á. Mo kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti omi, mo ṣe tíṣà, mo wọ iṣẹ́ ìjọba, ìjọba gbé mi lọ ó gbé mi bọ̀, ibi tó wá já mi sí ni àárín àwọn obìnrin tó ń yan ẹja. Màmá mi gbọ́ kí wọ́n tó kú. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Fúnláyọ̀, ẹja tóo sá fún ti lọ dúró dè ọ́ níwájú."

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, wọ́n máa ń mú wa lọ sí Ìdí-Àgbọn lásìkò ọdún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú ilé yìí, ẹ gbọ́ o. Tí a bá sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, a máa rìn lórí yanrìn títí á fi rẹ̀ wá ká tó fojú kan omi. Àwọn àgbọn tí wọ́n fi sọ abúlé náà lórúkọ tò lọ rẹrẹ. Lónìí ẹyọ kan ló kù, òun náà sì ti dà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàálẹ̀ ń bẹ níbí, wọ́n lè jẹ́rìí mi: ilé tí wọ́n bí wọn sí wà nínú omi báyìí.

Ohun àkọ́kọ́ tí a fẹ́ ṣe níbẹ̀ rọrùn. A fẹ́ ri òpó gíga kan mọ́lẹ̀. Bí òkun bá fẹ́ ru, ká fa àsíá sórí òpó náà, kí gbogbo ọkọ̀ tó wà lójú omi máa bọ̀ nílé. Bí ó bá wá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n lu agogo, kí gbogbo ará abúlé kó ọmọ àti arúgbó gba ilé ìwé tó wà lókè lọ. Ẹ má sọ pé fóònù wà o. Bí apẹja bá ti wọ agbami, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò mọ̀ ọ́n rí, ojú rẹ̀ nìkan lèèyàn lè bá sọ̀rọ̀. Ibi tó ga jù tó sì hàn jù lábúlé yẹn, ọgbà ìjọ Wòlíì Olúwadábírà ni. Wòlíì ò janpata. Wọ́n ní ká wá ri òpó náà sọ́gbà àwọn. A dúpẹ́, a mu omi àgbọn, a ri òpó. Àwa wá gbé àsíá dé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àwọ̀ wo lẹ rò pé àsíá náà jẹ́? Pupa ni. Pupa fòò. Wọ́n ní jákèjádò ayé, pupa ni wọ́n fi ń kìlọ̀ ewu, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé iṣẹ́ wa. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ ní Èkó yìí pé aláṣọ funfun kì í bá pupa ṣe? Bí ọ̀rẹ́ yín bá pè yín sí ìkórè ní irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀, ṣé bùbá pupa lẹ máa wọ̀ lọ? Èmi náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ aṣọ ni mo mọ̀ ọ́n sí. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá pé aṣọ náà ni àsíá.

Mo gbé e fún Wòlíì tòun ti ọ̀rọ̀ ìyìn. Wọ́n wo àsíá, wọ́n wò mí, wọ́n ní, "A ti rí i, Àǹtí. A dúpẹ́." Bàálẹ̀ jókòó síbẹ̀, wọn ò wí nǹkan kan. Gbogbo abúlé ò wí nǹkan kan. Ta ló máa kọ ẹ̀bùn àlejò lójú àlejò? Mo padà sí ọ́fíìsì, mo ní wọ́n ti gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ẹ wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín níbi tí wọ́n jókòó sí yẹn.

Òpó dúró lófo. Mo bi Dúrósinmí, ó ní okùn ló já. Mo ra okùn. Nígbà tí mo tún lọ, òpó ṣì wà lófo, ó ní kò sí atẹ́gùn. Létí òkun, ẹ̀yin èèyàn mi. Aṣọ mi ń fẹ́, gèlè mi fẹ́ẹ̀ ṣí lọ, ọmọkùnrin yẹn wò mí lójú kòró, ó ní, "Àǹtí, kò sí atẹ́gùn."

Ọjọ́ wá pé tí Màdáámù Anneke, aṣojú àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ràn wá lọ́wọ́, máa wá wo iṣẹ́. Mo ránṣẹ́ sí abúlé pé bí mi ò bá rí àsíá lórí òpó lọ́jọ́ náà, wọ́n ti dójú tì mí nìyẹn, kí wọ́n má sì rí mi mọ́. Wọn ò fẹ́ kí ojú tì mí. Wọn ò sì fẹ́ ba ilẹ̀ mímọ́ jẹ́. Kí ni wọ́n wá ṣe? Bí ọkọ̀ wa ṣe yọ, mo rí i tí nǹkan ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí òpó, inú mi dùn, mo nawọ́ sí i fún àlejò. Aṣọ ìjọ Wòlíì ni. Sùtánà funfun gbọọrọ, tòun tapá rẹ̀ méjèèjì, ó ń juwọ́ sí wa. Màdáámù Anneke wòkè, wọ́n tún wò mí. Wọ́n ní, "Àǹtí, lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ta aṣọ funfun ti gbà pé ọ̀tá ti ṣẹ́gun òun. Ta ló ti ṣẹ́gun yín?" Mo wo òkun.

Ọjọ́ yẹn ni ìjókòó gidi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Màdáámù ò bínú, wọ́n jókòó sórí yanrìn, wọ́n ní kí wọ́n là á yé àwọn. Wòlíì wá sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ẹ̀mí tí ẹ fẹ́ gbà là, ẹ̀mí wa ni, àwa náà fẹ́ kó là. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ta pupa sórí ilẹ̀ yìí, àwọn èèyàn mi á gbójú kúrò lókè. Àsíá tí èèyàn ò ní wò, ta ló fẹ́ kìlọ̀ fún?" Àwọn àgbà ní àlejò lójú, àmọ́ kò fi ríran. Ó yé mi pé Àníkẹ́ ò rí i. Èmi tí kì í ṣe àlejò wá ńkọ́?

A wá bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọ̀. Ẹnì kan ní ká fi àwọ̀ ewé ṣe é, inú àwọn ará mọ́ṣáláṣí dùn, Dúrósinmí ní tí òun bá wà lójú omi, òun ò ní mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí imọ̀ àgbọn. Ẹnì kan ní búlúù, wọ́n bi í bóyá òkun ló fẹ́ kó bá mu. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ò yanjú, Màríàm ní ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Wọ́n kó oríṣiríṣi aṣọ jọ, Dúrósinmí wa Màdáámù Anneke lọ sójú omi, àwa tó wà nílẹ̀ ń fa àwọn aṣọ náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. Màdáámù bì títí, ojú wọn funfun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọ́n kọ̀ láti padà títí wọ́n fi rí gbogbo rẹ̀. Àwọ̀ yẹ́lò ló borí, yẹ́lò bíi ti ìyeyè tó pọ́n. Wòlíì ní kò ba ohunkóhun jẹ́ lọ́dọ̀ àwọn. Lèmọ́mù ní ó dára. Bàálẹ̀ ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Àwọn tó wà lókè òkun wá kọ̀. Wọ́n ní pupa ni òfin. Màdáámù Anneke, mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn gbọ́ ohun tí ẹ ṣe. Ẹ bá àwọn ọ̀gá yín jà lórí fóònù lójú mi. Ẹ ní, "Ẹ̀yin rí àsíá pupa lórí ìwé. Èmi rí sùtánà lórí òpó." Ẹ ò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ títí wọ́n fi gbà. Èmi àti ẹ̀yin ti jà lórí nǹkan tó pọ̀. Mo ti sọ fún yín láìmọye ìgbà pé èéfín ilé iṣẹ́ ọ̀dọ̀ yín wà nínú ohun tó ń lé òkun wá bá wa, pé ìrànlọ́wọ́ yín kì í ṣe àánú nìkan, ẹ̀tọ́ wà nínú rẹ̀. Ẹ ò jiyàn. Ẹ ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ sì tún padà wá lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Àníkẹ́ wa.

Ẹ ó rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí. Ibẹ̀ ni wàhálà tèmi bẹ̀rẹ̀. Bá a ṣe ṣètò rẹ̀ ni pé àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ á fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi, èmi á pe Dúrósinmí, èmi á ní, "Fà á sókè," ó máa fà á sókè. Nígbà tí mo bá ní kó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó máa sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ní bí mi ò bá tíì sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan okùn. Ṣé nítorí pé mo fẹ́ràn àṣẹ ni? Bẹ́ẹ̀ ni, mo fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀, àwọn awakọ̀ ọ́fíìsì wà níbí, mi ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹ̀yin náà ti rí iṣẹ́ tí òyìnbó ṣe sílẹ̀ tó kú. Ẹ ti rí ẹ̀rọ omi tí kò sun mọ́ láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ọ́fíìsì ti lọ, ẹ ti rí ṣáláńgá tí wọ́n sọ di ilé adìẹ. Ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yí ẹ̀yìn mi padà, àsíá yẹn á di aṣọ ìnulẹ̀, òkun á sì dé bá àwọn èèyàn mi láìròtẹ́lẹ̀.

Mo ń bá fóònù yẹn sùn. Bàbá Olúwaṣemílóore ní òun ò mọ̀ pé ìyàwó òun ti lọ́kọ méjì. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó Olúwaṣemílóore, wọ́n ní kí ìyá ìyàwó wá súre, wọn ò rí ìyá ìyàwó, mo wà lẹ́yìn ọgbà tí mò ń bá Dúrósinmí sọ̀rọ̀ ìjì. Ọmọ mi, mo mọ̀ pé o ò tíì gbàgbé. Má bínú sí mi. Ìgbà tó yẹ kí n fẹ̀yìntì tó, mo bẹ Alhaji kí wọ́n fi mí sílẹ̀ díẹ̀ sí i. Ó tún tó, mo tún bẹ̀ wọ́n. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ipò ni mi ò fẹ́ gbé sílẹ̀. Ipò wo? Ta ló ń jẹ ipò lórí yanrìn?

Orúnkún ló kó mi. Ní àsìkò òjò tó kọjá yìí, dókítà ní bí mi ò bá ṣe iṣẹ́ abẹ, mi ò ní rìn mọ́. Mo sọ fún Dúrósinmí, mo ní kí wọ́n bá mi gbàdúrà kí òkun jókòó jẹ́ẹ́ lọ́jọ́ náà. Ní ọsibítù tí mo lọ ní Ajah, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Fẹ́rànmí. Ọmọ kékeré, orí kunkun. Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀.

Nígbà tí mo lajú, ọ̀sán ti pọ́n, òjò ń da, igi ń tẹ̀ lójú fèrèsé. Mo ní kí wọ́n gbé fóònù mi fún mi. Ìkìlọ̀ kún ojú rẹ̀. Láti àárọ̀ ni àwọn tó ń wo ojú ọjọ́ ti ránṣẹ́ pé òkun máa ru lọ́jọ́ náà, pé kí wọ́n kó àwọn ará etí òkun kúrò, inú dúrọ́ọ̀ ni ìránṣẹ́ náà jókòó sí. Mo pe Dúrósinmí, ó dún dún dún, kò gbé e. Mo pe Màríàm, kò gbé e. Mo pe Wòlíì, mo pe Bàálẹ̀. Gbogbo fóònù Ìdí-Àgbọn ń dún, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbé e. Ẹ̀yin èèyàn mi, kí lẹ̀yin ì bá rò?

Mo sunkún bí ọmọdé. Gbogbo wọn ni mò ń rí lójú mi nínú omi, pẹ̀lú àsíá tó wà ní kíká sínú àpótí, tí wọ́n ń dúró de ohùn mi nítorí pé èmi ni mo ní kí wọ́n máa dúró dè é. Mo ní kí wọ́n wá ọkọ̀ fún mi. Fẹ́rànmí ní, "Mummy, ẹsẹ̀ wo lẹ fẹ́ fi wọ̀ ọ́?" Mo pè é lórúkọ kan tí mi ò lè tún pè níwájú Lèmọ́mù.

Ó ṣe, fóònù dún. Màríàm ni. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra iyọ̀. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kú ewu o. Ṣé ẹsẹ̀ náà ti ń fúyẹ́?"

Mo ní, "Màríàm, òkun ńkọ́?"

"Ó wá. Ó ti ń padà lọ."

"Àwọn èèyàn ńkọ́?"

"A wà nílé ìwé. Bàálẹ̀ ń mu gàrí. Gbogbo wa pé, àwọn tó wọ omi ti dé láti àárọ̀."

Mo ní, "Ta ló ní kí ẹ fa àsíá sókè?"

Ó ní, "Àǹtí, òkun ló ní ká fà á sókè."

Dúrósinmí ti rí bí omi ṣe ń ṣe láàárọ̀. Ó dúró de ìpè mi, ìpè mi ò wá, ó sì rántí pé wọ́n ti gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. Ó wo okùn, ó wo òkun, ó fà á. Àwọn ọkọ̀ rí yẹ́lò, wọ́n yí orí padà. Nígbà tí omi wọ ọgbà, Wòlíì lu agogo, Lèmọ́mù gba inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí kìlọ̀, àwọn obìnrin gbé arúgbó, wọ́n gbé ọmọ. Òkun kó ilé tuntun tí a kọ́ fún wọn láti máa yan ẹja lọ. Ó kó àwọn ilé iwájú lọ, ó sì dùn wá, ilé kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá tó ń wá ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Mo wá bi Màríàm ìdí tí wọn ò fi gbé fóònù. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Bàálẹ̀ ló ní ká má gbé e. Wọ́n ní a kì í kó irú ìròyìn yìí bá ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ní bí a bá fi lè gbé e, ẹ máa dìde." Ẹ̀yin èèyàn mi, bí a ṣe máa ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún aláìsàn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi gbogbo òkun pamọ́ fún mi. Inú bí mi. Inú bí mi gan-an, mo pa fóònù mọ́ Màríàm létí. Ó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ tí ẹnì kan ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá, mo wò yí ká, èmi ni. Ara mi fúyẹ́ bíi ti ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọn ò nílò mi, ẹ kú oríire. Mo sùn lọ́sàn-án yẹn, oorun tí mi ò sùn láti ìgbà tí a ti ri òpó mọ́lẹ̀. Fẹ́rànmí ní mo hanrun dé yàrá kejì.

Àwọn àgbà ní ẹyẹ kì í sọ fún ẹyẹ pé òkò ń bọ̀. Mo fẹ́ bẹ àwọn àgbà kí wọ́n wá sí Ìdí-Àgbọn wá wo ẹyẹ.

Habeeb, ìwọ tóo máa gba ipò mi, dìde kí wọ́n rí ọ. Ọmọ dáadáa ni, ó gbọ́n, kò sì pariwo bíi tèmi. Òun ló ṣètò pé kí ìkìlọ̀ máa lọ tààrà sórí fóònù Dúrósinmí àti Màríàm báyìí, kó má gba ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́. Ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni mo ní fún ọ. Bí wọ́n bá ní, "A ti rí i, a dúpẹ́," má tíì lọ sílé. Jókòó, kí wọ́n tún bẹ́ àgbọn mìíràn fún ọ. Ọ̀rọ̀ gidi máa ń wà nísàlẹ̀ àgbọn kejì.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo ẹni tí mo ti jágbe mọ́, tí mo ti fi sílẹ̀ nínú oòrùn Eleko nítorí pé ó pẹ́ díẹ̀, ẹ foríjì mí. Ẹ̀rù ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu mi nígbà náà. Ó ti lọ báyìí, ẹ ó rí i pé mo dùn ún bá ṣeré.

Alhaji, ẹ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ lánàá. Ẹ ní ẹ̀yin àti àwọn alájọṣe wa ti fẹnu kò, pé kí n má tíì lọ, kí n dúró ṣe olùdámọ̀ràn, kí fóònù náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo dúpẹ́. Mo ní mo máa fèsì lónìí. Èsì mi wà lórí àga yẹn. Gbogbo yín ẹ wò ó.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń wé gèlè, bọ́ọ̀sì Ìdí-Àgbọn dé. Mo ní Dúrósinmí dà? Màríàm ní, "Ó ní kí n kí yín. Ó ní òkun ò rọgbọ lónìí, kò tíì tó ohun tí a máa lu agogo sí, àmọ́ kò sí ọkọ̀ tó máa wọ omi. Ó ti fa àsíá sókè, ó ń ṣọ́ ọ. Ó ní ká gbé ẹran tòun bọ̀ wálé." Mo wo fóònù mi. Ìkìlọ̀ ti wà níbẹ̀ láti ìdájí. Mi ò tiẹ̀ gbọ́ nígbà tó dún, mo ti sùn fọnfọn. Ọmọkùnrin tó ń sọ fún mi nígbà kan pé kò sí atẹ́gùn létí òkun, ó fi àsè mi sílẹ̀, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ mi, kò sì pè mí. Ẹ̀bùn wo lẹ fẹ́ fún mi lónìí tó ju ìyẹn lọ?

Alhaji, fóònù iṣẹ́ rèé. Mo gbé e sórí tábìlì yín. Bó bá dún, kì í ṣe tèmi mọ́.

Ẹ jẹ́ ká ṣàdúrà. Àwọn bàbá wa ní òkun kì í hó ruru ká wà á ruru. Òkun tó ń hó, Ọlọ́run má jẹ́ kó bá wa lójijì. Ẹni tó wọ omi láàárọ̀, ilẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ máa tẹ̀ nírọ̀lẹ́. Màdáámù Anneke, omi ò ní borí ilẹ̀ bàbá yín, bẹ́ẹ̀ ni kò ní borí tiwa. Àgbọn kan tó kù ní Ìdí-Àgbọn, Ọlọ́run á fún un lọ́mọ. Bàálẹ̀, ẹ ò ní tún sá kúrò nílé mọ́. Iṣẹ́ tí a jọ ṣe ò ní kú mọ́ wa lọ́wọ́. Olúwaṣemílóore, mo ti dé, ìyá ìyàwó rèé, ìgbà tóo bá fẹ́ ni kóo wá gba ìre tí mo jẹ ọ́.

Ẹ bá mi gbé oúnjẹ Dúrósinmí sọ́tọ̀, kí ẹran ibẹ̀ pọ̀. Ẹ̀yin ará Ìdí-Àgbọn, mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ yín lórí ẹja, lórí àgbọn, lórí àdúrà. Ó ku ọ̀kan. Ọjọ́ tí mò ń sunkún ní Ajah, tí fóònù yín ń dún tí ẹ ò gbé e, ẹ ṣé. Ẹ ṣé tí ẹ ò dúró dè mí. Ẹ ṣé o.